Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ohun Tó Pa Táíwò

Òórùn làfún tó ń gbẹ lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Igbó-Ọrà kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Òórùn kíkan ni, ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bóyá inú yín máa ń dùn bó bá kan yín nímú. Ní tèmi, inú ló ń bí mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Èrúwà nígbà náà, mo padà sínú agbo ilé wa. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi pẹ̀lú àwọn ìbejì wọn obìnrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn iléèwé, a bá Táíwò nínú yàrá, kò mí mọ́. Dókítà pe àwa àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àpá tó wà lọ́rùn ọmọ náà hàn wá. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló sọ ìyókù fún mi. Eré kan wà tí wọ́n rí nínú fóònù, tí wọ́n fi ń dá èémí ara wọn dúró títí ojú á fi ṣú. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé ẹbí. Ẹ mọ àṣà wa: a kì í sọ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi. N kò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi àgbà, olórí agbo ilé, mú àṣà yẹn, ó fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní bí ará ìlú bá gbọ́ nípa àpá ọrùn, wọ́n á ní ọmọ wa pa ara rẹ̀. Ó ní ká sọ pé ibà ló ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun mìíràn, pàápàá létí Kẹ́hìndé.

"Kẹ́hìndé gan-an ló yẹ kó gbọ́," ni mo wí. "Ṣebí kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà."

"Tíṣà, fi pàṣán rẹ sílẹ̀ ní Èrúwà," ó dá mi lóhùn. "A kì í ṣe ọmọ iléèwé rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú ilé ọ̀fọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá ọ̀gá iléèwé wọn ní ọ́fíìsì, mo ní kó pe àwọn òbí jọ. Ó ń po tíì rẹ̀, kò gbójú sókè. "Màmá, tí a bá sọ ọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é." Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú iléèwé yẹn, òun nìkan ni. Orúkọ iléèwé ló ń ṣọ́, kì í ṣe ọmọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo bá Kẹ́hìndé lórí àpáta, ó ń yí làfún nínú oòrùn gangan, ó fi ìborùn wé ọrùn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí lo wé mọ́rùn nínú ooru yìí?"

"Òtútù ń mú mi, Màmá Tíṣà."

Mo tú u. Irú àpá tí dókítà fi hàn wá lára Táíwò ni mo rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ló máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ tí o bá ń ṣe é?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ẹ má bẹ̀rù, mo máa ń jí fúnra mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Táíwò náà máa ń jí."

Ariwo ni mo fi sọ ọ́, gbogbo àwọn obìnrin tó ń sá làfún ló gbọ́. "Táíwò kú! Kò lọ ṣẹ́gi, kì í sì í ṣe ibà. Eré yìí ló pa á. Ó dá nìkan ṣe é, kò sì jí!"

Ìyá Ìbejì sáré jáde láti ilé ìdáná, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ti pe ikú lé Kẹ́hìndé mi lórí!" Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi láyà. N kò yẹ̀, n kò sì fi ọmọ náà sílẹ̀. Kẹ́hìndé sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Láti ìgbà tí èkejì rẹ̀ ti lọ, kò tíì sunkún bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ ohun tó yẹ kó sunkún sí fún un. Nígbà tó dákẹ́, ó dárúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń ṣe é. Mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń sọ fún àwọn ìyá wọn. Àwọn kan dúpẹ́. Àwọn kan ní àjẹ́ ni mí.

Ẹ̀gbọ́n mi lé mi kúrò nílé bàbá mi, mo sì padà sí Èrúwà. Ó kú láìbá mi sọ̀rọ̀. N kò lọ síbi òkú rẹ̀, n kò sì kábàámọ̀. Ọ̀gá iléèwé ńkọ́? Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n yìn ín pé iléèwé rẹ̀ kò lábàwọ́n. Ìtìjú àgbà ni wọ́n dì ru ọmọdé, wọ́n wá pè é ní àṣà.

Kẹ́hìndé ti wà ní pólì ní Èrúwà báyìí, ilé mi ló ti ń lọ. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé làfún wá fún un. Kì í wọlé, kì í kí mi. Ìta ló máa ń dúró sí tí yóò pè é jáde, mo sì máa ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Á dì mọ́ ọn. Kó tó lọ, á fi ìka fa ọrùn aṣọ ọmọ náà sílẹ̀ díẹ̀, á wo ọrùn rẹ̀ dáadáa.

Kó má kí mi. Kó ṣáà máa wò ó.