Èékánná Tí N Kò Wò

Oyè ìmọ̀ ẹranko tí mo gbà ní yunifásítì kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni nílé wa, àfi ọjọ́ Sátidé tí àbúrò bàbá mi, tí èmi náà ń pè ní Bàbá, pè mí láti oko wọn ní Òkukù. Wọ́n ní pàkúté àwọn mú nǹkan kan létí àkùrọ̀, kí n wá wò ó. Mo gbéra láti Ìkìrun, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ẹranko náà ti kú kí n tó dé. Kò tóbi ju ọmọ ajá lọ, ẹrẹ̀ sì bò ó látòkè délẹ̀. Bàbá ti fi fìlà bò ó lójú. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe fún ẹkùn lọ́dọ̀ wa: ẹnìkan kì í wo ojú rẹ̀ kó tó dé ààfin. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé, bó bá jẹ́ ọmọ ẹkùn, ìyá rẹ̀ kò ní jìnnà, inú ahéré tó wà lẹ́bàá àkùrọ̀ náà ni wọ́n sì ń sùn, ewúrẹ́ wọn mẹ́fà sì wà nínú ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣí fìlà náà kúrò. Mo ní kò sí ẹkùn níhìn-ín mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́: pé ìkookò tó jọ ajá, èyí tí Òyìnbó ń pè ní hyena, ìbátan ológbò ni, pé ẹtà, ológbò àti ẹkùn, ọmọ baba kan náà ni wọ́n, ẹranko kékeré kan tó ń gbé orí igi kí ènìyàn tó dáyé. Mo ya fọ́tò. Mo ní ẹtà ni.

“Ṣé o ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀?”

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí.”

“Ó dáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ojú ò tó ìwé.”

Wọ́n da àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ kó lọ sílé padà sínú ọgbà.

Nígbà tí mo ń padà sí Ìkìrun, táyà bọ́ọ̀sì wa jò ní Inísà, a sì jókòó títí oòrùn fi ń wọ̀. Mo yọ fóònù láti wo fọ́tò náà, kí n lè fi ṣe fáàrí ní kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo fẹ ẹsẹ̀ ẹranko náà lójú fóònù. N kò rí èékánná kankan. Èékánná ẹtà máa ń yọ síta ni, bíi ti ajá. Ẹkùn ló ń fi tirẹ̀ pamọ́, bíi ti ológbò. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sójú pátákó lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo pe Bàbá. Wọ́n ní àwọn ti bó awọ rẹ̀, àwọn ti sá a sẹ́nu ọ̀nà ahéré. Mo ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé Ọ̀jọ̀gbọ́n ti yí ìwé padà ni.

“Ibí dákẹ́ rọ́rọ́. Kódà àwọn ewúrẹ́ ò ké mọ́ láti ìgbà tó o ti lọ.”

Mo sọdá títì, mo dúró de ọkọ̀ Òkukù. Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá, Ìkìrun ni wọ́n ń lọ.