Àyè Kan Ṣoṣo Fún Ọmọ Ẹdẹ Méjì

Nígbà tí Zulfah kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Kóòṣì Ọláníyan láti kọ́ júdò, ohun tó rò ni pé wọn yóò kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ìṣubú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣubú sẹ́yìn, ó ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ta òkìtì lórí èjìká, ó sì ń fi apá lu ilẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà kanlẹ̀. Bó bá délé, gbogbo ara á máa ro ó bíi pé wọ́n fi ọmọ odó gún un. Odidi oṣù kan kọjá, kò tíì di ẹnikẹ́ni lọ́rùn aṣọ mú.

"Kóòṣì, ìgbà wo ni èmi náà máa dá èèyàn?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìgbà tí ilẹ̀ ò bá bà ẹ́ lẹ́rù mọ́," ni Ọláníyan dáhùn. "Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ilẹ̀, ńṣe ló máa dúró gbagidi bí òpó. Òpó ò sì ṣòro wó."

Ọmọ bíbí Ẹdẹ ni Ọláníyan. Ó ti ja júdò fún àwọn ṣójà nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà wálé, ó gba ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Sekona, ó tẹ́ àpò tó kún fún ìyẹ̀fun pákó sílẹ̀, ó sì na tapólì lé e. Ibẹ̀ le, àmọ́ kò le tó sìmẹ́ńtì.

Àbíkẹ́yìn Sàídì ni Zulfah. Àgbẹ̀ gbágùúdá ni Sàídì, Àwáwù ìyàwó rẹ̀ sì ń yan gàrí nínú agbo ilé wọn. Ilé-ìwé ni Zulfah ti rí júdò, lọ́jọ́ tí kóòṣì wá fi han àwọn ọmọ. Bàbá rẹ̀ rò ó títí kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ wa lè máa wá," ló wí fún Ọláníyan, "àmọ́ ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ dì mọ́ ọn. Obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá jà."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó rọrùn láti gbà, ó ṣòro láti mú ṣẹ. Àwọn ọmọbìnrin ń wá, wọ́n ń lọ. Bí èékánná bá ti ya báyìí, ó tán. Ọ̀kan ṣoṣo ló dúró, Gbémi, tí ilé wọn wà lọ́nà Sekona, tí ìyá rẹ̀ ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú títì. Ẹgbẹ́ ni òun àti Zulfah, gíga wọn dọ́gba, ìwúwo wọn dọ́gba. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí Zulfah ń bá jà bí kò ṣe Gbémi, kò sì sí ẹni tó lè bá Gbémi jà dé ojú àmì bí kò ṣe Zulfah.

Ọdún ń gorí ọdún. Bí Zulfah bá ti kírun àsúbáà tán, á sáré gba ọ̀nà Awo lọ, á sáré padà, á sì lọ sílé-ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pàdé nínú ilé kòkó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ di ọrùn aṣọ àti apá aṣọ ẹnìkejì mú dáadáa ló ni ìjà, nítorí náà wọ́n ń gun okùn tí kóòṣì so mọ́ igi àjà, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gùn ún, títí ìka Zulfah fi wú débi pé kò lè de bọ́tìnnì. Nígbà ààwẹ̀, kò ní jà. Ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣe, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ijó.

Èyí tó nira jù ni ti ìwúwo. Bí ìdíje bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wọn olúkúlùkù, nítorí àwọn tí ìwúwo wọn sún mọ́ra ni wọ́n ń pín sójú kan láti jà. Egungun Zulfah sì ti ń fẹ̀. Kó má baà wúwo ju ìpín rẹ̀ lọ, á febi pa ara rẹ̀. Àwáwù á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á wo ojú ọmọ, á tún gbé e kúrò.

Àwọn méjèèjì gba àmì ẹ̀yẹ ní Òṣogbo, wọ́n gbà á láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wọ́n sí Àbújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ yan àwọn tí yóò ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹnì kan péré ni wọ́n ń mú nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Zulfah ń borí, Gbémi ń borí, títí ó fi ku àwọn méjèèjì.

Wọ́n mọ ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ọ̀kan tó gbéra, ìkejì ti yẹra. Àsìkò tán, wọ́n fi kún un. Ọgbọ́n kan wà tí Zulfah fúnra rẹ̀ fi kọ́ Gbémi: bí ẹsẹ̀ ẹnìkejì bá ti fẹ́ kanlẹ̀, kí o gbá a kí ara tó jókòó lé e. Ọgbọ́n yẹn ni Gbémi lò. Kí Zulfah tó mọ̀, àjà gbọ̀ngàn ló ń wò; Gbémi ló gba àyè náà.

"Má bínú," ni Gbémi wí nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? O gbá mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú."

Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó ká aṣọ júdò rẹ̀ sínú àpótí, kò sì jáde sí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹta, Ọláníyan wá.

"Gbémi ò ní ẹni tó máa bá jà títí wọ́n á fi lọ," ló wí. "Mo wá bẹ Zulfah ni."

Sàídì wò ó. "Kóòṣì, ṣé kí ọmọ tèmi wá di àkàbà tí ọmọ ẹlòmíràn máa fi gòkè?"

"Ẹ ò purọ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyẹn."

Zulfah gbé agbọ̀n. Ó bá bàbá rẹ̀ lọ sóko, wọ́n ń fa gbágùúdá. Ilẹ̀ ti gbẹ, igi gbágùúdá ò fẹ́ wá. Láìmọ̀, ó ti di igi mú bí ẹni di ọrùn aṣọ, ó ti yí ìdí wọlé sábẹ́ rẹ̀, ó sì fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Sàídì dá ọkọ́ dúró.

"Ṣé gbágùúdá náà lo tún ń bá jà ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló hàn sí Zulfah pé kì í ṣe àyè tí òun pàdánù ló ń dun òun jù. Ìjà náà ló ń wu òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó yọ sí ilé kòkó. Gbémi nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń fa rọ́bà tó so mọ́ òpó bí ẹni ń bá èèyàn jà.

"Wọ́n ní ẹni tó le jù níbi tí ò ń lọ, ọlọ́wọ́ òsì ni," ni Zulfah wí. "Èmi náà á máa fi òsì bá ẹ jà."

Bó ṣe di ọlọ́wọ́ òsì nìyẹn. Nígbà mìíràn, Ọláníyan á ní kó jà bí ẹni tó ga, tàbí bí ẹni tó ń sá fún ìjà. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Gbémi lọ síbi ìdíje Áfíríkà náà, ó borí ẹni méjì kí wọ́n tó dá a, ó sì padà láìgba àmì ẹ̀yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni Ọláníyan sọ fún Zulfah pé kó yé febi pa ara rẹ̀, kó bọ́ sí ìpín tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Alihamudulilahi!" ni Àwáwù kígbe. "Èmi ò tíì gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń febi ṣe rí."

Àwọn tó bá níbẹ̀ lágbára jù ú lọ, wọ́n sì dá a dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, ara rẹ̀ ti le. Kò sì sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó máa fi jà, nítorí ó lè fọ̀tún, ó lè fòsì. Gbémi ló ń ṣubú fún un ní gbogbo àsìkò yẹn. Zulfah gba àyè ní Àbújá, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Tùnísíà fún ìdíje Áfíríkà.

Ẹni kejì tó bá pàdé níbẹ̀, ọmọbìnrin ará Tùnísíà, dì í mọ́lẹ̀, kò sì lè yọ títí ogún ìṣẹ́jú àáyá tí òfin là sílẹ̀ fi pé. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó mumi. Nínú júdò, ẹni tó bá pàdánù báyẹn ṣì lè jà fún ipò kẹta. Wọ́n pè é, ó dìde. Ó borí ẹnì kan. Nínú ìjà tó kẹ́yìn, ó di apá aṣọ mú lọ́tùn-ún, ó jẹ́ kí ìyẹn gbára dì fún ọ̀tún, ó wá yí sí òsì. Ẹ̀yìn ọmọ náà lu ẹní, gbàà. Àmì ẹ̀yẹ idẹ, ti ipò kẹta, ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Nígbà tó dé Ẹdẹ, agbo ilé kún. Lẹ́yìn tí èrò túká, Àwáwù ń fi òrí ra èjìká Zulfah, Sàídì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Ọmọ tó dì ẹ́ mọ́lẹ̀ yẹn," ló bi í, "ṣé yóò tún wá lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Á wá, Bàbá."

"Ṣé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Èmi àti Gbémi á jọ wá a ni."

Sàídì mi orí pé ó dára. Wọ́n ti ń pe ìrun alásárì. Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì bọ́ sóde. Zulfah dìde, ó ń wá bùtá tí yóò fi ṣe àlùwàlá.