Omi Semarpur àti Àga Phulmati

Phulmati Tharu kò tíì ga ju ìkòkò omi lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ fi í ṣe ìwọ̀fà nílé Dambar Shahi, onílẹ̀ tó ni ìdajì oko agbègbè wa. Bí a ṣe ń ṣe é ní agbègbè Bardiya ní Nepal nìyẹn nígbà náà. Tí àwa ẹ̀yà Tharu bá ti ṣe Magh, ọdún tuntun wa, tán, bàbá tí kò nílẹ̀ á mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé onílẹ̀, onílẹ̀ á sì fún un níbi tí yóò máa ro. Phulmati fọ abọ́, ó gbálẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń sùn. Kò jókòó sórí àga rí nínú ilé náà. Tí Shahi bá sì wọlé, gbogbo ìwọ̀fà á dìde.

Nígbà tí ìjọba fòfin de ìwọ̀fà, ó padà sílé. Ó dàgbà kó tó mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tì í títí tó fi gbégbá ìbò, ó sì wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì alága ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ipò yìí kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́ lásán. Òfin ìpìlẹ̀ Nepal sọ pé igbákejì alága ni yóò ṣe olórí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ omi àti irú wọn. Alága fúnra rẹ̀ kò ní àga níbẹ̀.

Kí òfin yìí tó dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Dambar Shahi ni kóòtù wa. Ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, àwọn méjèèjì ló ń lọ túlẹ̀ lóko rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oṣù Asar tí òjò ìgbìn máa ń bẹ̀rẹ̀ wọlé, òjò kò rọ̀. Ewé ìrẹsì kékeré tó yẹ kí wọ́n ti tú lọ gbìn sóko ń pọ́n níbi tó ti hù. Ipa omi tí gbogbo ilé jọ ń gbẹ́ lọ́dọọdún ló kù, Shahi sì ti fi òkúta dí i lókè, ó darí omi sínú adágún ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Oko abúlé Semarpur tó wà nísàlẹ̀ ń gbẹ. Lautan, tí àwọn ará Semarpur yàn ṣe olórí wọn lọ́dún náà, gbé ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ Phulmati.

Kó tó di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, alága wá bá a. Khagendra lorúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Shahi ni.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “àgbàlagbà ni bàbá wa. Ẹ jẹ́ ká lọ parí ẹ̀ nílé wọn. Tíì á wà níbẹ̀.”

“Tíì yẹn, ṣé èmi náà ni mo máa sè é?”

Khagendra rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀.

“Alága, ọ́fíìsì la ti ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Lọ́jọ́ náà, èrò kún ọ́fíìsì dé ojú fèrèsé. Bí Shahi ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọlé báyìí, gbogbo wa dìde. Kò sẹ́ni tó rò ó, ara ló rántí. Phulmati náà dìde. Shahi kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó gba ẹ̀yìn tábìlì lọ tààrà, ó jókòó sórí àga Phulmati.

Lautan ń kùn sí mi létí pé, “Omi ti lọ, àga náà tún ti lọ.”

“Malik,” ni Phulmati wí. Bó ṣe ń pè é láti kékeré nìyẹn, bí ẹni ń pe ọ̀gá rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Phuliya, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?” Bí Shahi ṣe máa ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú nígbà ìwọ̀fà nìyẹn.

“Ẹ̀yin ni, sà. Ká ní tèmi ni àga yìí, ǹ bá fi ta yín lọ́rẹ. Àwọn tó dìbò ló ni ín. Wọ́n kàn yá mi ni.”

“Ìwọ! Ìwọ tó o máa ń jó ìrẹsì mi!”

“Mo jó o lóòótọ́, Malik, ẹ sì nà mí fún un. Ẹjọ́ ìrẹsì ti parí. Ẹjọ́ omi ló kù.”

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, ni ilé bá hó. Ramdin, bàbá arúgbó tó wà nínú ìgbìmọ̀, fa bẹ́ǹṣì kan jáde. “Dambar, ibi olùjẹ́jọ́ rèé. Mo ti bá ẹ nù ún.” Shahi wò ó títí, ó dìde, ó lọ jókòó síbẹ̀.

Phulmati jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pẹ́ ju Lautan lọ. Ó bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n parí ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Lautan gbà, Shahi kọ̀. Ìgbìmọ̀ wá dájọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá dí ipa omi tí gbogbo ilé jọ gbẹ́. Oko kọ̀ọ̀kan yóò gba omi lọ́jọ́ tirẹ̀, adágún ẹja náà yóò sì ní ọjọ́ tirẹ̀.

“Mò ń lọ kóòtù!” ni Shahi pariwo.

“Ẹ lọ, sà. Òfin tó fi mí síbí ló fún yín láyè. Akọ̀wé wa á fún yín ní ẹ̀dà ìdájọ́, kó má baà ni agbẹjọ́rò yín lára.”

Ó lọ sí Gulariya, ìlú tí kóòtù wà, lóòótọ́. A gbọ́ pé agbẹjọ́rò sọ fún un pé owó iṣẹ́ òun rọrùn láti san, ẹjọ́ yẹn ni kò rọrùn láti jàre. Ó padà wálé, kò sì kó òkúta kúrò.

Alága lòfin ní kó mú ìdájọ́ ṣẹ. Khagendra dé etí omi láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Shahi ti dúró níbẹ̀.

“Ìwọ náà, Khagendra?”

“Bàbá, tá a bá délé, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Alága ni mí níbí, mo sì ti búra.”

Òun fúnra rẹ̀ ló yọ òkúta àkọ́kọ́. Omi hó, ó ya wálẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin Semarpur bọ́ sóko pẹ̀lú orin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ju ẹrẹ̀ lu ara wọn bí a ṣe máa ń ṣeré lásìkò ìgbìn. Phulmati kàn wá wò ó ni, wọ́n fà á wọnú oko, wọ́n kùn ún lẹ́rẹ̀ látorí dẹ́sẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bu ẹrẹ̀ padà fún wọn.

Nígbà tí ọjọ́ adágún pé, Lautan gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó lọ ṣí omi sí ẹja Shahi.

“Lautan, àánú ọ̀tá ló ń ṣe ẹ́ yìí?” ni aládùúgbò kan bi í.

“Àánú kẹ̀? Ọjọ́ tiẹ̀ ni,” ni Lautan wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.