Ó Dúró Dè Mí Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde nígbà tí a bá já okùn béèlì òkìrìkà ní ọjà Missèbo. Eruku á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òórùn ara ẹni tí a kò mọ̀ rí á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú aṣọ. Kóòtù ni mò ń tà níbẹ̀, ó ti lé lógún ọdún. Ìyá wa ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó sì kọ́ mi ni pé kí n máa tú gbogbo àpò wò kí n tó gbé kóòtù kọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, áńkáṣíìfù, bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kó dànù. Ó ní oníbàárà kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn pàdé nínú aṣọ tó fowó ara rẹ̀ rà. Mo di ẹ̀kọ́ yẹn mú ṣinṣin, ọ̀rẹ́ mi, òun náà ló sì gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àbúrò mi kan ṣoṣo wà lára àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ó mọ ìwé ẹrù ju bí mo ṣe mọ kóòtù lọ. Kíndìnrín ló lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, tó bá sì ti dé, kò ní lókun ju kó jókòó lọ. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Cadjèhoun, nínú yàrá tí bàálù ń gba orí rẹ̀ kọjá, tí a máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu kó lè lọ tán. Ó kó aṣọ díẹ̀ wá, ó kó oògùn, ó sì gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Mo kórìíra géèmù náà lójú ẹsẹ̀. Jagunjagun kan tó wọ irin láti orí dé ẹsẹ̀ ló ń dá rìn nínú ìlú tó ti di ahoro, tí iwin àti òmìrán ń yọ sí i láti kọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń pa á ṣáá. Bó bá ti ṣubú, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà lédè Faransé sójú tẹlifíṣọ̀n pé ó ti kú. Gbogbo agbára tó ti kó jọ á dà sílẹ̀ síbi tó kú sí, òun á wá jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kan lókèèrè. Ó lè padà lọ ṣà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún pa á lójú ọ̀nà, ó ti sọ ọ́ nù nìyẹn. Àbúrò mi ní géèmù yìí ló kọ́ ọ̀pọ̀ géèmù tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lágídí, pé wọ́n kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé a kì í fi ikú ṣeré nínú ilé tí aláìsàn wà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ti ibí yìí kì í ṣe nǹkan kan. Mo máa ń jí."

Mo bá jókòó tì í. Òmìrán kan wà lórí afárá tó ń pa á láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́rú. Bọ́tìnnì ni mò ń rán mọ́ kóòtù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èjìká òmìrán náà ni mò ń wò, nítorí pé èjìká ni ojú mi máa ń lọ lára ẹnikẹ́ni. Mo wá sọ fún un pé kí ẹni yẹn tó ju idà, èjìká òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀. Ó wò mí, ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà kẹta tó padà lọ, òmìrán ṣubú. Àbúrò mi dì mọ́ mi, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí.

Láti ọjọ́ náà, kò bá èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀gá iwin jà mọ́ àfi tí mo bá wà ní ìjókòó. Òun ni ọwọ́, èmi ni ojú. Ọ̀sán Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun àti ọjọ́ Àìkú di tiwa. Èmi tí mo fẹ́ ju géèmù sí títì tẹ́lẹ̀, èmi ni mo wá ń yára palẹ̀ ọjà mọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá mo ti fẹ́ ọkọ tuntun. Ó sọ fún mi nígbà kan pé lára géèmù yẹn lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara da ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Tí wọ́n bá ti gún òun lábẹ́rẹ́, òun á sọ nínú ara òun pé ìdí iná yẹn lòun wà, òun ń sinmi kí òun tó tún jáde.

Ó wá ku ẹyọ kan, ọba ahoro náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ńlá kan. A fi í sí ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọyẹ́ dé, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti òkè, láti Parakou àti ìkọjá rẹ̀, wọ́n ń wá kóòtù. Jímọ̀ kọjá, Àìkú kọjá, ọjà kò jẹ́ kí n ráyè. Mo sọ fún un láti ẹnu ọ̀nà, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ mi, pé kó lọ bá a jà, kó má dúró dè mí.

"Màá dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú tèmi nìkan ò tó o."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn bí mo ṣe ń já béèlì. Ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ lórí ẹ̀rọ. A sin ín sí Ṣakété, ìlú wa, lọ́jọ́ náà.

Nílé wa, lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, a máa ń kó aṣọ àti nǹkan olóògbé fún àwọn tó sún mọ́ ọn. Mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní èbúté ni ẹ̀rọ géèmù tọ́ sí, ọmọ Fọ̀n kan tó ń wá kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníbàárà. Mo fẹ́ fún un bí ọmọlúwàbí ṣe ń fúnni ní nǹkan. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún irú rẹ̀ ṣe, mo ní kó gbọn eruku inú rẹ̀, kó sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó dà bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ jáde. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá gbogbo rẹ̀ ni. Mo ní gbogbo rẹ̀. Mo tún dúró ṣọ́ ọ, kó má baà fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ náà wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa, ó ní òun fẹ́ fi ibi tí àbúrò mi dúró sí nínú géèmù hàn mí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀. Mo sọ fún un pé mo ti tún un ṣe mọ́ tónítóní fún un, inú mi ṣì ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó rọra gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù sílẹ̀.

"Tàǹtí, ojoojúmọ́ ló ń tan ẹ̀rọ yìí, á wo ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, á tún pa ẹ̀rọ. Mo ní kó wọlé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò tíì dé."

Mo mọ̀, ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ ìtàn yìí fún. Mo mọ̀ pé ibi tí a bá fi jagunjagun yẹn sí la máa ń bá a bí a bá tún tan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń tú àpò láti ogún ọdún kì í bi orí léèrè. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Ikú ló mú àbúrò mi lọ, èmi ni mo lọ pa ibi tó ti ń dúró dè mí rẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ náà. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di páàdì mú, ó sì fi mí sílẹ̀ síbẹ̀. Mo máa ń gbìyànjú lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti dé orí afárá, mo rí èjìká òsì tó ń rọ̀ wálẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kí ìka mi tó gbọ́, ó ti pa mí. Ojú wà, kò sí ọwọ́. Mo máa ń padà lọ ṣa ohun tí mo sọ nù níbẹ̀, ìgbà mìíràn mo máa ń rí i ṣà.

Ní Missèbo, mi ò tú àpò mọ́. Oníbàárà á rí áńkáṣíìfù, á dá a padà fún mi, a óò jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní arúgbó ti ń dé sí mi. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí onínǹkan bá fi sílẹ̀ ni ìdọ̀tí. Nínú gbogbo aṣọ àbúrò mi, kóòtù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lọ́dọ̀ mi, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí òtútù ibẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, mi ò fọ̀ ọ́. Nǹkan kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀, ó le díẹ̀, mo máa ń fọwọ́ kàn án láti ìta bí mo bá ń jáde lọ sọ́jà. Mi ò tíì mú un jáde.