Aago Kẹ̀kẹ́ Gàníyù ní Ìdí Ìyeyè

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ purọ́, ṣé orí ọmọ ìyá mi ni n óò pa á sí? Ojú mi yìí ló rí i, etí mi yìí ló gbọ́ ọ, ọ̀sán gangan sì ni.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. N kò fẹ́ pariwo rẹ̀.

Láyé àwọn Faransé, kí Dàhòmẹ̀ tó gba òmìnira, a ní pápá eré kẹ̀kẹ́ kan ní Pobẹ̀. Òbìrìkìtì là ń pè é. Kò sẹ́ni tó jókòó gbèrò rẹ̀ o. Ibẹ̀ ni wọ́n kó òkúta jọ sí nígbà tí wọ́n ń ṣe ojú irin tó ti Àjàṣẹ́ wá. Nígbà tí wọ́n kó òkúta lọ tán, ilẹ̀ náà ti le gbagidi, koríko kò hù níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ yí i ká, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn ará Sakété ti gbọ́, wọ́n ní àwọn náà ń bọ̀. Bó ṣe di eré ọdọọdún nìyẹn, Pobẹ̀ àti Sakété, ní ọjọ́ Bọnanẹ́, ọjọ́ kìíní ọdún. Kòmáńdà pàápàá, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, á gbé àga wá síbẹ̀, á máa pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Ọyẹ́ máa ń mú lásìkò yẹn, eruku pupa á sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Àwa ìyàwó ilé la ń fomi pa eruku kí eré tó bẹ̀rẹ̀. A kì í da omi náà o. Igbá kan wà tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí, òun la fi ń wọ́n ọn. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀. Tèmi ni ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ po nídìí igi ìyeyè, tí àwọn tó lọ sílé ìwé ń pè ní vìráàjì.

Ọmọ Sakété ni mí, Pobẹ̀ ni mo lọ́kọ sí. Ẹ ti rí wàhálà mi báyìí.

Gàníyù ni àbúrò mi, ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n dàgbà. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń kó iyọ̀ àti epo fìtílà lọ tà ní Aguídì àti Ìta-Ìjẹ̀bú. Aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti là, kì í dún bí aago mọ́, híha ló ń ha: kẹ̀rẹ̀-kẹ̀, kẹ̀rẹ̀-kẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ikọ́ bàbá arúgbó ló gbé kọ́ sọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á tún fi dún mi létí. Ojú nìkan ló ń dà á láàmú. Eruku kékeré báyìí, ojú rẹ̀ á pọ́n, kò ní í lè là á.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n sá eré ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó wá bá mi nídìí ààrò. Mo fi omi tútù fọ ojú fún un. Ó rọra sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìdí ìyeyè yẹn ni mo ń bẹ̀rù. Ẹ bá mi fomi sí i.”

Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi igbá wọ́n omi bí a ti ń ṣe. Mo wẹ̀yìn, eruku ṣì ń rú. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé igbá sílẹ̀, mo gbé ìkòkò, mo da gbogbo omi inú rẹ̀ sí ojú kan náà. Ìfẹ́ ló ṣe é, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá pọ̀ lórí ilẹ̀ pupa yẹn, ó ń yọ̀ ju ilá lọ, èmi tí mo ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Gàníyù tó ń sá fún Sakété ló ṣíwájú. Mo ń pariwo orúkọ rẹ̀, mo gbàgbé pé àárín àwọn ará ilé ọkọ mi ni mo dúró sí. Ó dé ìdí ìyeyè, kẹ̀kẹ́ yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó fi orí sọ igi. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ.

Wọ́n béèrè ẹni tó da omi. N kò sẹ́. Ìyá mi, tó bá àwọn ará Sakété wá wòran, wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi lo fi ra ojúure ilé ọkọ rẹ.” Mo ṣàlàyé pé òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Ó ní kí n má fi òkú ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọdún kan gbáko ni ìyá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá lọ sí Sakété, tí mo kúnlẹ̀ kí i, ògiri ló ń dá lóhùn. Mo sunkún àbúrò mi, ó ní ọjọ́ tó dáwọ́ dúró. Ẹkún tí mò ń sun nítorí ìyá mi kò dáwọ́ dúró.

Ọdún yípo, wọ́n ní eré ṣì máa wáyé, kí oníkálukú mójú tó ibi tirẹ̀. Ojú ń tì mí láti bá àwọn obìnrin yòókù lọ. Mo dúró di ọ̀sán gangan lọ́jọ́ tó ṣáájú eré, nígbà tí kálukú ti wọlé sá fún oòrùn, mo gbé ìkòkò mi lọ lémi nìkan. Àwọn àgbà ní ọ̀sán gangan kì í ṣe àkókò àwa alààyè nìkan. Mo mọ̀. Mo lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé ìdí ìyeyè, ọwọ́ mi kọ̀. Mo sọ ọ́ síta pé n kò tún fomi kan ibí yìí mọ́ láyé mi.

Gbogbo nǹkan bá dákẹ́. Ẹyẹ dákẹ́. Ewé kò mì.

Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, aago yẹn wà nínú àpótí mi nílé! Èmi ni mo ṣà á nílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú.

Mo wò, n kò rí ẹnì kankan. Eruku ni mo rí, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gba ojú eré bọ̀ bí èyí tí kẹ̀kẹ́ ń tú sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó dé vìráàjì, ó dúró, ó ṣẹ́rí padà. Ó tún yípo wá, ó tún dúró níbi kan náà. Ẹ̀rù bà mí. Òórùn epo fìtílà àti òógùn ọmọkùnrin wá fẹ́ sí mi, ẹkún sì gbọ̀n mí ju ẹ̀rù lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ìdí ìyeyè yẹn ni mo ń bẹ̀rù. Ẹ bá mi fomi sí i.”

Mo ní, “Gàní, omi ló pa ọ́.”

Aago yẹn ha lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bó ti máa ń ṣe tó bá fẹ́ tọ́ mi.

Mo bu omi sínú igbá oníhò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, bí mo ti ń wọ́n omi sí i lórí nígbà tí mò ń wẹ̀ ẹ́ lọ́mọ ọwọ́. Eruku rọlẹ̀. Níṣojú mi, ojú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà lórí ilẹ̀ tútù, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí ẹni tó gùn ún. Ó bá ọ̀nà ṣẹ́ po. Kò yọ̀. Ó kọjá.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn igi. Ìyá mi ni! Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ láti Sakété wá jókòó síbi tí ọmọ rẹ̀ ṣubú sí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ìborùn rẹ̀ di ẹnu.

Ó dìde, ó wo ìlà ilẹ̀ yẹn títí. Ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ibi tí n kò tíì dé. Kò wò mí.

Ó ní, “Àjíkẹ́, omi ń tán. Lọ pọn sí i.”

Oríkì mi, lẹ́yìn ọdún kan! Mo sáré lọ sódò bí ọmọ ọdún méje, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a kò sì fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi lọ. Bóyá ó gbọ́ ohùn yẹn, bóyá ìlà ilẹ̀ nìkan ló rí, n kò mọ̀. N kò béèrè, torí mo bẹ̀rù ohun tó lè fi dá mi lóhùn.

Wọ́n ti gbin ọ̀pẹ sórí Òbìrìkìtì báyìí, ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Onígbolò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Igi ìyeyè ṣì wà. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ọmọ kan tó ń gun alùpùpù wá bi mí léèrè ohun tó ń húkọ́ lẹ́yìn òun níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, bí ẹ bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀-kẹ̀ lẹ́yìn yín, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ yà fún un. Bí ẹ bá ní omi lọ́wọ́, ẹ wọ́n díẹ̀ sílẹ̀ fún un, ọmọ ìyá mi ni.

Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dà á.