Anpilifáyà Tó Ń Gbóná Lásán

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ pè é ní sítóòfù. Ó wọ yàrá, ó na ọwọ́ sórí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń yáná, ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n gbé ìkòkò ẹ̀wà wá?" Mo dá a lóhùn pé anpilifáyà kíláàsì A ni. Ó ní òun gbọ́, pé ẹ̀wà ńkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí àrùn yìí kò tíì mú. Anpilifáyà tí gbogbo ayé ń lò máa ń gbóná nígbà tí orin bá ń lọ kíkankíkan. Bí orin bá dákẹ́, òun náà a sinmi, ara rẹ̀ a tutù. Ti kíláàsì A kò mọ ìsinmi. Orin ń lọ o, orin ò lọ o, iná kan náà ló ń jẹ, ooru kan náà ló ń tú jáde. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Abuja, nítorí náà ohun tó ń jẹun láìṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo ẹ̀rọ yòókù lọ. Ó kàn jẹ́ pé ohùn náà kéré. Àárín ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti mọ́ṣáláṣí kan ni ilé wa wà ní Gwarinpa. Ariwo kọ́ ló wọ́n wa.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nítorí bàbá mi ni mo ṣe fi ọwọ́ ara mi tò ó. Atúnrédíò-ṣe ni bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ wọn sì dáńgájíá débi pé àwọn èèyàn ń gbé rédíò wá bá wọn láti Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, gbogbo ìgbà tí mo bá na ọwọ́ sí irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ léèdì, gbólóhùn kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: "Lọ bá ìyá rẹ ní ìdí ààrò." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n gbé irin náà fún. Ẹ̀gbọ́n mi jó tábìlì, ó jó ṣòkòtò ara rẹ̀, lọ́jọ́ kan ó jó rédíò ọ̀gá ilé ìwé wa, èyí tí kò ní àléébù kankan tẹ́lẹ̀ ju pé kò ní bátìrì. Bàbá mi ní ọmọ náà ní ọwọ́ iṣẹ́. Bàtà ló ń tà báyìí. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọlọ́jọ́ tó dé, pé iṣẹ́ ọwọ́ tèmi náà dára.

Lọ́jọ́ tí mo lọ ra àwọn transísítọ̀ tí ẹ̀rọ náà máa lò lọ́jà Wuse, Alhaji ará Ìlọrin tó ń tà á wo lẹ́ẹ̀sì ara mi, ó wo ìwé tí mo kọ ọjà sí.

"Hàjíà, ẹnjiníà yín ò lè wá fúnra ẹ̀ ni?"

Mo ní ara ẹnjiníà ò yá. Ó ṣàdúrà àlàáfíà fún un, mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Ó ní kí n kìlọ̀ fún ẹnjiníà kó má gbàgbé irin tó máa fa ooru kúrò lára wọn o. Mo ṣèlérí pé màá jíṣẹ́. Idu ni mo ti rí irin náà, láàárín àlòkù ilé iṣẹ́ kan, alumíníọ̀mù onílà wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà, tó wúwo débi pé awakọ̀ bi mí bóyá mo ń kọ́lé.

Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ Sátidé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, ó ń kùn bí oyin tí wọ́n tú ilé rẹ̀. Ọkọ mi ní orin náà dáa, pé ta ló kọ ọ́. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo so àwọn wáyà ilẹ̀, ìyẹn áàtì, mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo kó gbogbo wọn jọ sójú kan ni kíkùn náà tó dá. Ọkọ mi jókòó, ó gbọ́ orin kan tán, kò dápàárá.

"Mọ́mì, mo gbọ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe mí kó tó bẹ̀rẹ̀ orin."

Mo lọ sí kíṣìnì, mo sunkún díẹ̀, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àlùbọ́sà tí n kò tíì gé.

Bàbá mi dé lásìkò ọyẹ́. Ó ti tó ọdún kan tó jẹ́ pé "Sọ̀rọ̀ sókè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa" ni wọ́n ń sọ lórí fóònù. Ọkọ mi ní bóyá etí ni. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún rédíò ṣe, ṣé etí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa bàjẹ́? Òye mi pọ̀. Láàárọ̀ tí wọ́n dé, àwọn nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà n kò fura.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo gbé àga wọn sí iwájú sípíkà méjèèjì. Mo fi wáyà so fóònù mi mọ́ anpilifáyà, mo fi orin àtijọ́ kan sí i, èyí tí wọ́n máa ń kọ nídìí tábìlì iṣẹ́ wọn. Wọ́n di ojú. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin alumíníọ̀mù náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ẹ̀yìn rédíò àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n ń mi orí. Èmi dúró sẹ́yìn àga, mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ìgbà yẹn ni bátìrì fóònù mi tán. Orin já láàárín ọ̀rọ̀.

Bàbá mi ṣì ń mi orí. Ẹsẹ̀ wọn ń lu ilẹ̀. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wo kápẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ bàbá mi wà lórí irin tó ṣì gbóná, nínú gbogbo ohun tí wọ́n sì mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, irin tó bá gbóná tó báyẹn, orin ń lọ nínú rẹ̀ ni.

"Ìwọ lo ṣe èyí?" Ohùn wọn lọ sókè bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì títì.

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n lè rí ẹnu mi. Mo ní, "Èmi ni, bàbá."

"Ó mọ́. Ó mọ́ ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ rí. Ọwọ́ iṣẹ́ lo ní. Ìwọ ni ǹ bá ti gbé irin léèdì yẹn fún."

Ọkọ mi dìde láti lọ mú ṣájà. Mo mi orí fún un pé kó jókòó. Mo fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, mo gbé ọwọ́ tèmi náà lé irin náà, a jọ jókòó síbẹ̀, a ń gbọ́ orin, títí wọ́n fi sọ pé ó ti tán.