Oògùn Ikán Nínú Àpótí Oyin

Káfíńtà ni Sùlèímọ́nù Ògúnkànmí. Ìrágbìjí ló ti wá sí Mówe. Ní ọdún 2005, ó kan àpótí oyin mẹ́rin, ó sì gbé wọn sínú igbó tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Kì í ṣe oyin nìkan ló ń tà. Kòkòrò oyin máa ń ru àtíkè òdòdó wálé lẹ́sẹ̀. Sùlèímọ́nù lu ihò wẹ́wẹ́ sára pákó, ó fi dí ẹnu àpótí. Bí oyin bá ti ń fún ara rẹ̀ wọlé, àtíkè á já bọ́ sórí àtẹ tó wà nísàlẹ̀. Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ ló ń tún un ṣe: á ṣa ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ oyin kúrò, á fẹ́ ẹ, á sá a sábẹ́ aṣọ funfun, á wá rọ ọ́ sígò.

Ìbíwùnmí, tísà kan ní Ìbàfò, kì í jẹ́ kí àtíkè yìí tán nílé. Ọdún mẹ́jọ ló fi wá ọmọ. Oyún rẹ̀ ti wá pé oṣù márùn-ún, ó sì ń jẹ ṣíbí kan nínú ẹ̀kọ láràárọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Sùlèímọ́nù rí i pé oyin àpótí kẹta ṣù mọ́ ìta, wọn ò wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àtẹ. Ó dúdú. Ìgbà náà ló rántí. Lọ́jọ́rùú tó kan àtẹ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti fi oògùn ikán kùn ún kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀, bó ṣe ń kun igi òrùlé. Kúlúsúmù sì ti gbé ìgò tuntun fún tísà lánàá.

Kúlúsúmù wà lọ́jà Ìfọ̀, òun ló mú fóònù kan ṣoṣo tí wọ́n ní dání. Sùlèímọ́nù ò sì mọ nọ́mbà fóònù náà lórí. Ó gun ọ̀kadà lọ sílé tísà ní Ìbàfò, ó ní kí ọlọ́kadà tẹ̀ ẹ́.

Ìbíwùnmí ti jẹ ẹ̀kọ tán nígbà tó dé. Sùlèímọ́nù gbóòórùn ìgò náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti mọ oògùn ikán lára jù, kò lè gbà á gbọ́. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà gbọ́wọ́ lé ikùn. Ó pe Kúlúsúmù, ó na fóònù sí i.

Kúlúsúmù gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ròkíátù, èmi tí mo ń fọ aṣọ yín láti ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ rò pé mi ò mọ òórùn oògùn ikán? Ti àpótí kẹta ti wà nínú ṣáláńgá. Ti àpótí kìíní ni mo gbé fún tísà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Mo sọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀. Ẹ ń fi ayùn rẹ́ pákó lọ, ẹ ní ‘ẹn-ẹ́n’.”

Sùlèímọ́nù dá fóònù padà. Ó jókòó, ó tọrọ omi, ó mu ife méjì.

“Bàbá, ṣé kí n máa jẹ ẹ́ lọ?”

“Máa jẹ ẹ́, tísà. Àlàáfíà ni.”

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti yọ àtẹ dúdú náà dànù, oyin sì ti wọlé. Pákó funfun ló fi kan òmíràn. Kó tó gbé e síbẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé e sí Kúlúsúmù nímú.